Ìjà Tí A Ò Jà Tí Wọ́n Bá Wa Parí

Láàárọ̀ yìí náà, aládùúgbò mi tún wá kí mi, ó tún dúpẹ́ pé mo dárí ji òun. Kò ṣẹ̀ mí rí. Òun náà mọ̀ pé òun ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti bá wa parí ìjà, wọ́n sì ti ṣe Fátíhà lé e lórí. Ohun tí wọ́n bá ti ṣe Fátíhà lé lórí nílé wa, kò sẹ́ni tó ń tún un hú jáde.

Iṣẹ́ ọnà agbádá ni bàbá mi ṣe títí ó fi kú. Iwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ló máa ń jókòó sí, lórí ẹní, tí yóò tẹ́ aṣọ lé itan, tí yóò máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Kì í ya ohunkóhun sórí aṣọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè dúró wo ọwọ́ rẹ̀, kì í lé ènìyàn. Nígbà tó kú, a tú àpótí rẹ̀ títí, a ò rí àwòrán ọnà kan ṣoṣo. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, a sì ti sin ọwọ́ náà.

Èmi ò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Olùkọ́ ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ kan nísàlẹ̀ Mápó. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo lè ṣe níbẹ̀. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bẹ àwọn tó ní agbádá tí bàbá mi ṣe pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù ya ọnà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan. Bí o bá fún un ní fọ́tò ọnà, yóò tọ ipa òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì máa sọ fún ẹ̀rọ mónógíráàmù tó ń ṣe ọnà sára aṣọ ibi tí yóò ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wo bí mo ṣe kọ ọ́, ó lè tún un ṣe, ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìbèèrè lọ́wọ́ mi. Mo rò pé bí bàbá mi ṣe jẹ́ kí wọ́n máa wo ọwọ́ òun lèmi náà ń ṣe.

Ètò náà tàn. Ó kúrò níwájú ilé wa, ó dé Bẹẹrẹ, ó dé Òjé, àfi bí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tí mi ò lè tọ́ka sí lórí máàpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi. Ẹnìkan ní kí n bá òun fi oríṣi òwú mìíràn kún un. Òmíràn ní ó ń dúró lójijì lágbedeméjì iṣẹ́. Tí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ìdí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Èmi dálémosú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, ayé ń kọ̀wé sí mi. Bó bá rẹ̀ mí, mo máa ń kùn díẹ̀, màá sì tún pa dà sídìí rẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ tì í.

Lẹ́tà obìnrin aránṣọ kan ló fà á, ìlú òkèèrè ló ti kọ ọ́. Ó ra ẹ̀rọ tuntun, irú àwọn tó yára gan-an tó wọ́pọ̀ lóde báyìí. Ó fi ètò mi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ètò náà sì ṣi ibi tí férémù parí sí mọ̀. Férémù ni irin tó ń di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí irin, ó ṣẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ sì fò wá bá a lábẹ́ ojú. Díẹ̀ ló kù kó wọ ẹyinjú. Kò bú mi. Ó ní òun kàn ní kí n bá òun wò ó kó má baà ṣe ẹlòmíràn. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo wò ó. Mo rí i pé ibi tí àléébù náà wà kì í ṣe ibi tí mo kọ fúnra mi. Mo yá apá kan lò láti inú ètò ọ̀fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni náà sì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ, kò dáhùn ìwé mọ́. Mo tún ibí ṣe, ọ̀hún já. Mo tún ọ̀hún ṣe, èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo bẹ àwọn tó gbọ́n jù mí lọ, wọ́n gbìyànjú, wọ́n ní kí n má bínú. Wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kókó inú iyán kì í fọ́ni lójú. Ó dùn mí pé mo dé ibi tí ọgbọ́n mi parí sí, mo sì jókòó níbẹ̀ mo ń wò ó.

Mo wá pinnu pé màá ti ètò náà. Kò yẹ kéèyàn kàn kọ ẹ̀yìn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí kànga bá bàjẹ́, wọ́n máa ń dé e, wọ́n sì máa ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń pọn ún. Mo kọ ìkìlọ̀ sí ojú ewé rẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣáájú ohun gbogbo. Mo ṣe ẹ̀dà ìkẹyìn tí kò ní gbà láti bá àwọn ẹ̀rọ tuntun yẹn ṣiṣẹ́ rárá. Mo kọ bí èèyàn ṣe lè kó ọnà tó ti ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ sínú ètò mìíràn. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí ní kí n fa gbogbo rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, kò fèsì, èmi náà ò sì fún un. Lẹ́yìn náà mo tì í: àwọn tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n lè máa kà á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè yí i pa dà níbẹ̀ mọ́. Àwọn ará òkèèrè kọ̀wé ọpẹ́ sí mi. Mo sunkún díẹ̀, mo jẹun, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ilé ni wàhálà wà. Kò sí aránṣọ kan ní àdúgbò wa tó gba ètò yìí látorí íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Fíláàṣì ni wọ́n fi ń kó o fún ara wọn, láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní sísọ́ọ̀sì. Ìkìlọ̀ tí mo fara balẹ̀ kọ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò rí i nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni mo máa fi pín in.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa gan-an, lójú ibi tí ẹní bàbá mi máa ń wà, ẹbí wa ló fún un láyè níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Kò tíì pẹ́ tó gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé láti Gbági, irú ẹ̀rọ tí obìnrin yẹn sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó dé ibòmíràn. Agbádá ọkọ ìyàwó ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí mo wọlé, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Má lo nǹkan mi mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ṣẹ́ sí ọ lójú."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o. Ẹ wo bó ṣe mọ́."

"Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ lọ́la. Mo ní má lò ó mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó kí òun ra mínírà fún mi. Inú mi kì í pẹ́ gbóná, gbogbo ilé ló mọ̀. Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi fíláàṣì mi sí i, mo pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo fi ẹ̀dà ìkẹyìn sí i. Mò ń pariwo kó lè gbọ́ mi nínú ariwo jẹnẹrétọ̀. Ó gbìyànjú láti máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀rọ náà kọ̀, ìkìlọ̀ tí mo kọ sì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó wo ìkìlọ̀ náà, ó wò mí, ó tún wo agbádá ọkọ ìyàwó tí ọnà rẹ̀ dé ìdajì. Mo ní kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ parí rẹ̀, mo sì jáde, mo mú ọ̀nà Bẹẹrẹ pọ̀n.

Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Òjé, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ta ló bí yín nínú?" Kò sẹ́ni tó bi mí nípa abẹ́rẹ́. Àgbàlagbà kan ní Òjé gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á bá mi ṣẹ́gun ẹni tó ń dà mí láàmú, mo sì ṣe àmín nítorí ó ti rẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi. Baba mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ló kọ́kọ́ wọlé. Alhaja, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló tẹ̀lé e. Aládùúgbò mi ló kẹ́yìn, ó wọ jàlámíà funfun, ó wolẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, mo gbé omi fún wọn. Baba mọ́gàjí ò mu ún. Ó ní àwọn ò ní mu omi àfi tí mo bá fún àwọn ní ohun tí àwọn bá wá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ọmọ wa," ó ní, "ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì jọ ń gbé ẹnu kan náà. A gbọ́ pé o ti nǹkan rẹ pa, o wá ń lọ káàkiri pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Èèyàn kì í déédéé ṣe bẹ́ẹ̀. A wádìí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, a sì ti rí i."

"Baba, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí."

"Ta lo kọ́kọ́ lọ bá?"

Mo wo aládùúgbò mi. Ó ṣì wolẹ̀.

"Ta lo pariwo mọ́ títí tí àwọn ará àdúgbò fi gbọ́? Ẹ̀rọ ta lo tì pa lójú ara rẹ̀? A ò gbọ́ pé o ti ẹ̀rọ ẹnì kankan ní Òjé."

Gbogbo ohun tí mo ṣe nítorí kí ojú rẹ̀ má baà fọ́, òun ni wọ́n fi mọ̀ pé mò ń bá a jà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Kí lo ṣe fún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní kí lo ṣe?"

"Ohun yòówù tí mo bá ṣe ni, mà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

Wọ́n kọ́ ọ re nílé wọn. Ẹni tí àgbà bá kó sẹ́yìn láti bá bẹ̀bẹ̀ kì í dìde pé òun ò jẹ̀bi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti sọ àgbà di òpùrọ́ nìyẹn. Bó bá ṣe èmi ni, bí mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ náà nìyẹn, ìkúnlẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé abẹ́rẹ́ fún wọn, mo sọ ti obìnrin tó wà lókèèrè, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí ṣóńṣó náà ti bà á lábẹ́ ojú fún wọn. Baba mọ́gàjí fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ ti ń ṣẹ́ láti ayé bàbá rẹ. Ṣé bàbá rẹ ká ẹní?"

Alhaja fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ ò rí i pé ó ń bo àṣírí rẹ̀ ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ tú èèyàn síta. Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

Bí mo bá ní kò ṣẹ̀ mí, ìwà ọmọlúàbí ni. Bí mo bá ní abẹ́rẹ́ ni, àwáwí ni. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe, èmi ni mo wá jókòó níbẹ̀ bí òṣìkà náà. Alhaja fà sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Bí o ò bá dárí jì í, ó ní láti kó kúrò níwájú ilé. O mọ̀ bí ilé yìí ṣe rí. Ẹni tó bá ọmọ ilé jà kì í jókòó lójúde. Níbo ni yóò gbé ẹ̀rọ lọ, òun àti àwọn ọmọ yẹn?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lójú mi, sí alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo wo orí aládùúgbò mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá kọ̀, mo gba ojúde lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá gbà, wọn yóò ní kí ohun gbogbo pa dà sí bó ṣe wà, abẹ́rẹ́ náà yóò sì wà níbẹ̀. Mo wá ọ̀nà kẹta títí nínú orí mi, mi ò rí i.

Mo ní, "Mo ti dárí jì í."

Wọ́n ṣe àmín. Baba mọ́gàjí ṣe Fátíhà, ó fi àdúrà tó gùn lé e, ó mu omi rẹ̀ tán. Ó ní kí aládùúgbò mi dìde, kó pa dà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó máa lo nǹkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń lò ó, kó má sì ṣe tún ṣẹ̀ mí mọ́. Mo ní, "Baba, mo dárí jì í, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ńkọ́?" Wọ́n ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kọ́kọ́ fi ọkàn sí i pé ẹ̀dà ìkẹyìn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pé ẹ̀rọ náà á kọ̀ fún un. Kó tó di ìrun Àsárì, mo gbọ́ láti yàrá mi lókè tí ẹ̀rọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òjé ló fi fíláàṣì kó ti tẹ́lẹ̀ fún un. Mi ò lè bínú sí ọ̀rẹ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó má bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo fún wọn pátápátá, kò sì sí bí mo ṣe lè gbà á pa dà. Nǹkan tí inú mi dùn sí jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn nígbà kan.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ìjà. Ó wo òde bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Baba gbọ́ pé a tún ń sọ ọ́."

Ẹ̀rù ń bà á. Tí mo bá tún kìlọ̀ fún un, àwọn ará ilé á ní mo hú òkú ìjà, orí rẹ̀ ni yóò sì dà lé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní láti gba ojú rẹ̀ là ti di ọ̀rọ̀ tó lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa dà sókè.

Mo lọ sí Gbági, mo ra awò fún un, irú èyí tó nípọn tí àwọn tó ń gé irin fi ń bo ojú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó sì dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo máa tún kọjá, ó ti fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, tòun ti ọ̀rá rẹ̀. Ó ń fi han oníbàárà kan. Ó ní, "Èyí lẹ̀gbọ́n mi fún mi lẹ́yìn tí a parí ìjà."

Mo ní, "Wọ̀ ọ́ sójú, o jàre."

"Háà, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan ìrántí ni. Mi ò fẹ́ kó ní àpá kankan lára."

Títí di òní, abẹ́rẹ́ kan ò tíì ṣẹ́. Ó ní àforíjì mi ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ náà, òun náà ló sì tún wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí. Fèrèsé yàrá mi lókè kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Tó bá ń dún, mò ń bá iṣẹ́ mi lọ. Tó bá dákẹ́, mo máa ń dìde lọ sójú fèrèsé. Òwú ló máa ń pààrọ̀ nígbà púpọ̀. Yóò gbójú sókè rí mi, yóò juwọ́ sí mi, yóò ní, "Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀gbọ́n mi." Èmi náà á juwọ́ sí i, màá sì dúró níbẹ̀ títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ó tún ti dákẹ́ báyìí. Mò ń dìde.